Agolo Mílíìkì Bàbá Mi, àti Ọkọ̀ Sójà tí Kò Yéé Hó

Gbólóhùn kan há mi lọ́fun fún bíi ọ̀sẹ̀ méje. Kì í ṣe èébú, ẹni tí ó sọ ọ́ kò sì lè rántí mọ́ pé òun sọ ọ́. Mẹkáníìkì tí ó ń bá mi tún Land Rover bàbá mi ṣe ni mo bi pé kí ló dé tí ilé irin kékeré kan tí ó wà lókè ẹ́ńjìnnì fi ṣófo. Ó dá mi lóhùn láìgbé orí sókè: "Àǹtí, tẹmosítáàtì ni ó máa ń wà níbẹ̀. Ti òyìnbó nìyẹn. Òtútù wọn ni wọ́n ṣe é fún, ojú ọjọ́ tiwa kò nílò rẹ̀." Mo ní, "Òótọ́ ni." Mo san owó iṣẹ́ ọjọ́ náà, mo sì gun ọ̀kadà lọ sílé.

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ náà máa jẹ mí lọ́kàn ni pé olùkọ́ físíìsì ni mí. Ọdún 19 rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama nípa ooru: bí ó ṣe ń gba inú irin kọjá, bí omi ṣe ń hó, ìdí tí ìkòkò tí a dé pinpin fi ń tètè se ẹran ju èyí tí a ṣí sílẹ̀ lọ. Bí ọmọ kan bá dìde ní kíláàsì mi tí ó sọ pé híhó omi ní Abẹ́òkúta yàtọ̀ sí híhó omi ní Lọ́ńdọ̀nù, n óò ní kí ó jókòó kí ó tún un rò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹlòmíràn sọ ohun tí ó jọ ọ́ gẹ́lẹ́ fún mi lábẹ́ igi máńgòrò, tí gírísì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ńṣe ni mo ń mi orí bí alángbá.

Ọkọ̀ tí bàbá mi rà ní gbàǹjo

Mi ò ní fi ìtàn ọkọ̀ náà gba àkókò yín. Land Rover Series III ni, irú èyí tí àárín táyà iwájú sí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ínṣì 109, tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1971 sí 1985. Bàbá mi rà á ní gbàǹjo ọkọ̀ àwọn ológun nígbà tí mo ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìkọ́ irin ńlá tí wọ́n fi ń fa ẹrù ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀ títí di òní, bẹ́ẹ̀ sì ni àpá ibi tí wọ́n ti ń de ṣọ́bìrì àti àáké mọ́ ọn lára. Ohun àkọ́kọ́ tí bàbá mi ṣe ni pé ó kùn ún ní àwọ̀ mílíìkì, nítorí pé kò fẹ́ máa ṣàlàyé ara rẹ̀ fún sójà ní gbogbo oríta. Àwọ̀ mílíìkì náà ni yóò máa jẹ́ lọ́wọ́ tèmi pẹ̀lú, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi mí ìgbà tí n óò dá a padà sí àwọ̀ ewé. Ọkọ̀ yìí ni ó ń kó ẹ̀gẹ́ wá láti oko wa ní ọ̀nà Ayétòrò, ẹ̀gẹ́ ń di láfún, owó láfún sì ni ó rán àwa ọmọ márààrún ní ilé ìwé. Nígbà tí bàbá mi kú, ọkọ̀ náà wà lẹ́yìn ilé wa ní Ìtòkò, tí ewé máńgòrò ń já lé e lórí, títí di ọdún tí ó kọjá tí mo pinnu pé n óò mú un padà sójú ọ̀nà.

Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò fún wa ní wàhálà púpọ̀. Bẹntiróòlù ni ó ń mu, sìlíńdà mẹ́rin ni ó ní, 2286 cc, irin dídà ni búlọ́ọ̀kù àti orí rẹ̀, kò sì sí kọ̀ǹpútà kankan nínú rẹ̀ tí yóò máa bá èèyàn jiyàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó gbà wá kí ó tó dáhùn. Gbígbóná ni ó kù tí a kò rí ojútùú sí.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ tí mo wà á jáde, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ká wa mọ́ ìdí afárá Láfẹ́ńwá. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí abẹ́rẹ́ géèjì fi sá wọ inú pupa, tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í hó kùtùkùtù bí ìkòkò ẹ̀kọ, tí oruku funfun sì bo gíláàsì iwájú. Mo sọ̀kalẹ̀, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo fi ìborùn mi wé ọwọ́, mo sì na ọwọ́ sí ìdérí rédíétọ̀, ibi tí omi ẹ́ńjìnnì ti ń tutù. Oníkẹ̀kẹ́ Márúwá kan lọgun láti ẹ̀yìn mi: "Mọ̀mí, ẹ má ṣí i o! Ẹ fẹ́ bó lójú ni?" Ọlọ́run ló ní kí n gbọ́. Omi tí a dé mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti kọjá 100°C láìtíì hó tán. Bí a bá ṣí i lójijì, apá kan rẹ̀ yóò di oruku lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì ti omi gbígbóná jáde sójú ẹni tí ó ṣí i. Èmi tí mo máa ń ya àwòrán rẹ̀ sójú pátákó ni oníkẹ̀kẹ́ ń kọ́. Mo dúró níbẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú gbáko, pẹ̀lú omi inú ọ̀rá ogún tí mo rà lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan, mo sì ń dúró de irin kí ó tutù, nítorí pé omi tútù lórí irin dídà tí ó gbóná lè là á.

Láti ọjọ́ náà ni kẹ́ẹ̀gì omi méjì kò ti kúrò lẹ́yìn ọkọ̀ mọ́. A ń bu omi sí i láàárọ̀, a ń bu omi sí i lọ́sàn-án. Ẹnìkan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n fọ́ ẹyin sínú rédíétọ̀ kí n sì bu ata gígún lé e, yóò dí ibi tí ó ń jò. Mi ò bú ẹni náà, torí mo ti rí ọkọ̀ tí ọgbọ́n yìí gbé délé láti Ṣágámù, ṣùgbọ́n ẹyin tí ó bá dí ihò tí a kò fẹ́ yóò dí èyí tí a fẹ́ pẹ̀lú. Gbogbo ohun tí à ń ṣe jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tí ó ń pa làpálàpá. Omi kì í ṣàdédé tán nínú ọkọ̀; bí ó bá ń tán lójoojúmọ́, ohun kan ni ó ń lé e jáde.

"Ẹ́ńjìnnì náà ńkọ́, ti Ẹ̀gbá ni?"

Bàbá àgbàlagbà kan ń gbé ní ọ̀nà Ayétòrò, tí ènìyàn bá ti kọjá Láfẹ́ńwá tí ó ń lọ sí apá bárékè Alámálà. Bàbá Sójà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Iṣẹ́ títún ọkọ̀ ṣe ni ó fi sin ìjọba nínú iṣẹ́ ológun kí ó tó fẹ̀yìn tì, òun àti bàbá mi sì mọ ara wọn. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo ti múra láti to gbogbo ẹjọ́ mi sílẹ̀ láti orí bẹ́líìtì dé orí fáànù. Kò jẹ́ kí n sọ ìdajì tí ó fi bi mí pé, "Tẹmosítáàtì rẹ̀ dà?"

Mo ní, "Bàbá, wọ́n ti yọ ọ́ tipẹ́. Wọ́n ní ti òyìnbó ni."

Ó wò mí títí. "Rédíétọ̀ náà ńkọ́, ti ta ni? Pọ́ǹpù omi ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì náà ńkọ́, ti Ẹ̀gbá ni?"

Ẹ̀rín pa mí, ojú sì tì mí. Nínú ọkọ̀ kan tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tí a fi ọwọ́ ara wa rọ, ẹyọ irin kan ṣoṣo tí kò tóbi ju ẹnu ife lọ ni a yà sọ́tọ̀ pé kì í ṣe tiwa. Òun náà sì ni ẹyọ tí ẹnì kankan nínú wa kò mọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Mo ronú lórí èyí ní gbogbo ọ̀nà títí mo fi délé, mo sì rí i pé gbólóhùn "ti òyìnbó nìyẹn" kì í ṣe ọ̀rọ̀ nípa òyìnbó rárá. Ọ̀nà ọ̀wọ̀ ni a fi ń sọ pé "mi ò mọ̀" láìjẹ́ kí ẹnu wa sọ ọ́.

Bàbá Sójà ní kí n lọ wo inú àpótí irinṣẹ́ bàbá mi dáadáa, pé àwọn àgbà ìgbà yẹn kì í sọ irin nù. Abẹ́ ìjókòó ọkọ̀ náà gan-an ni mo ti rí i: agolo mílíìkì kan tí ó kún fún nọ́ọ̀tì àti bóòtì, àti nísàlẹ̀ rẹ̀, nǹkan kan tí wọ́n fi bébà ìwé ìkọ̀wé wé, tí wọ́n sì fi ọ̀rá dì. Ìkọ̀wé bàbá mi ni ó wà lára bébà náà, lẹ́tà gbọ̀ọ̀rọ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀ bí ó ti máa ń kọ ọ́: "Ti Land Rover. Wọ́n ní kò wúlò. Ẹ má sọ ọ́ nù."

Mo jókòó sórí ìjókòó awakọ̀ náà fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tí ó kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti gbọ́ràn sí mẹkáníìkì lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò gbà á gbọ́ tán.

Okùn òwú dúdú

Mo yá tẹmómítà kan nínú yàrá ìdánwò ilé ìwé wa, mo sì bẹ ọ̀gá mẹkáníìkì pé kí ó bá mi lọ sí ọ̀dọ̀ Bàbá Sójà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ó kọ́kọ́ ń lọ́ra, bóyá ó rò pé mo fẹ́ fi àgbàlagbà halẹ̀ mọ́ òun ni, ṣùgbọ́n ó wá. Ìyàwó Bàbá gbé ìkòkò kékeré kan tí ó ń fi se ẹyin fún wa, ó gbé e ka orí sítóòfù, ó sì kìlọ̀ pé bí irin náà bá ba ìkòkò òun jẹ́, a ó ra òmíràn.

Idẹ ni ara tẹmosítáàtì náà, ó ti dípẹtà, àwọ̀ rẹ̀ ti ń sún mọ́ ti ewé. Nígbà tí Bàbá fi àkísà nù ún, nọ́ḿbà 82, ìwọ̀n ooru tí ó yẹ kí ó ti la ẹnu, hàn lára rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ pa dé pátápátá. Bàbá fi ọ̀bẹ ya ẹnu náà díẹ̀, ó ki etí okùn òwú dúdú kan bọ̀ ọ́, ó sì jẹ́ kí ó padà pa dé, kí ó há okùn náà mọ́ eyín. Ó wá fi okùn yẹn gbé e kọ́ sínú omi, láìjẹ́ kí ó kan ìdí ìkòkò, èmi sì di tẹmómítà mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Bí ó bá ṣì wà láàyè, yóò la ẹnu. Bí ó bá la ẹnu, yóò já okùn sílẹ̀."

Omi náà bẹ̀rẹ̀ láti 29°C. Ní 60 kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ní 70, àwọn ilẹ̀kẹ̀ afẹ́fẹ́ kéékèèké ń gòkè láti ìdí ìkòkò, wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara idẹ náà. Ní 76, ọ̀gá mẹkáníìkì yí ojú sí mi, ó sì rẹ́rìn-ín jẹ́ẹ́: "Bàbá, ó ti kú o." Bàbá kò dá a lóhùn. Ní 80, mo rí i tí ìlà dúdú kan tín-ín-rín bí irun yọ yí ẹnu rẹ̀ ká, bí ìgbà tí ẹni tí ó sùn bá fẹ́ la ojú. 81. Ìlà náà fẹ̀ sí i. Bí mo ṣe fẹ́ sọ pé 82 ni a ṣàdédé gbọ́ ọ, "kọ́ń!", lórí ìdí ìkòkò. Òwú nìkan ni ó kù lọ́wọ́ Bàbá.

Kò sẹ́ni tí ó sọ̀rọ̀. Bàbá fi ṣíbí gbé e jáde, ó sọ ọ́ sínú abọ́ omi tútù, gbogbo wa sì ń wò ó bí ó ṣe ń pa ẹnu rẹ̀ dé díẹ̀díẹ̀. Ọ̀gá mẹkáníìkì ni ó sọ pé kí a tún un ṣe. A tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i. Ó já okùn ní 83, ó tún já a ní 82. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí a ti sin irin yìí sínú agolo pé kò wúlò, síbẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n kọ sí i lára ni ó ṣì ń ṣe. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwa kò tilẹ̀ gbọ́ tẹnu ẹnì kankan kí a tó dá ẹjọ́ tiwa.

Ìda ni ó wà nínú rẹ̀, ìda tí wọ́n po lẹ́búlẹ́bú bàbà mọ́ kí ooru lè tètè wọ̀ ọ́. Nígbà tí ìda bá yọ́, ó máa ń fẹ̀, a sì máa ti ọ̀pá irin kékeré kan, ọ̀pá náà a sì ṣí ẹnu ọ̀nà tí omi ń gbà lọ sí rédíétọ̀. Kò ní iná mànàmáná, kò ní wáyà. Bí ó ṣe wà nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀nà ẹ̀bùrú

Bàbá Sójà ni ó wá fi ìka tọ́ka sí họ́ọ̀sì kékeré kan tí mo ti ń rí láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, tí mi ò sì bi ara mi rí pé kí ni ó wà fún. Láti abẹ́ ilé tẹmosítáàtì ni ó ti wá, ó sì padà sínú pọ́ǹpù omi tààrà láìkan rédíétọ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, tí tẹmosítáàtì pa dé, ọ̀nà ẹ̀bùrú yìí ni omi ń gbà yípo nínú búlọ́ọ̀kù, kí gbogbo irin náà lè móoru dọ́gbadọ́gba. Nígbà tí ó bá dé ìwọ̀n, ọ̀nà rédíétọ̀ yóò ṣí, ọ̀já idẹ kan nísàlẹ̀ tẹmosítáàtì wa yóò sì sọ̀kalẹ̀ láti dí ẹnu ọ̀nà ẹ̀bùrú náà.

Ẹ wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a yọ ọ́. Ọ̀nà méjèèjì ṣí sílẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Omi kò yàtọ̀ sí ènìyàn: bí ọ̀nà kúkúrú bá wà, kì í gba ọ̀nà jíjìn. Apá kan nínú omi gbígbóná náà kò dé rédíétọ̀ rárá; ó gba ẹ̀bùrú padà sínú ẹ́ńjìnnì bí ó ṣe gbóná jáde. Ní àárọ̀, ẹ́ńjìnnì náà kì í tètè móoru, bẹntiróòlù kì í di oruku tán, a sì máa fọ òróró kúrò lára ògiri sìlíńdà. Ní ọ̀sán, nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, ó máa gbóná ju bí ó ti yẹ lọ. A yọ ohun kan kúrò nítorí ooru, a sì fi bẹ́ẹ̀ ra òtútù láàárọ̀ àti ooru lọ́sàn-án.

Mo fẹ́ jẹ́ olóòótọ́ níbí yìí. Bí mo bá ní tẹmosítáàtì nìkan ni ó ń mú ọkọ̀ náà hó, irọ́ ni mo pa. Nígbà tí a ṣí kọ́ọ̀kì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ búlọ́ọ̀kù láti da omi rẹ̀ nù, ẹ̀kán kan kò jáde. Ọ̀gá mẹkáníìkì ki wáyà bọ̀ ọ́, ó ń rò ó, ó ń rò ó, títí ohun kan tí ó ki bí àmàlà tí ó sì pupa bí osùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ jáde. Omi kànga àti omi ẹ̀rọ tí a ti ń bù sí i láti ọdún yìí wá ti jẹ irin náà nínú, ìpẹtà rẹ̀ sì ti wọ́ lọ jókòó sí ẹ̀yìn sìlíńdà kẹrin, níbi tí omi kì í ti í sáré. Agolo mílíìkì mẹ́ta kún fún ẹrẹ̀ náà. Kò sí tẹmosítáàtì tí ó lè gba irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ là.

Níbi tí ojú ọjọ́ ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà

Iná tí ó ń jó nínú sìlíńdà ju 2,000°C lọ, irin dídà sì ń yọ́ ní nǹkan bíi 1,200°C. Omi ni kò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì di ọbẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá mẹ́ta ooru inú bẹntiróòlù tí ó ń gbé jáde. Ẹ wá fi ojú ọjọ́ tiwa sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ḿbà wọ̀nyí. Ọ̀sán oṣù Ẹrẹ́nà ní Abẹ́òkúta, tí àpáta Olúmọ ń tu ooru sí wa lára, lè tó 35°C. Ibi tí tẹmosítáàtì ti ń ṣí jẹ́ 82°C. Kò sí ilẹ̀ kankan láyé tí ojú ọjọ́ rẹ̀ ti tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà, lójú tẹmosítáàtì, ibi tútù ni Abẹ́òkúta àti Lọ́ńdọ̀nù méjèèjì.

Ibi tí ojú ọjọ́ ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà ni rédíétọ̀. Afẹ́fẹ́ ni ó ń gba ooru lọ́wọ́ omi, bí àlàfo tí ó wà láàárín ooru àwọn méjèèjì bá ṣe pọ̀ tó ni iṣẹ́ náà ṣe ń yá tó. Níbi tí afẹ́fẹ́ ti jẹ́ 15°C, àlàfo náà jẹ́ 67; lọ́dọ̀ wa ní 35°C, ó jẹ́ 47 péré. Rédíétọ̀ tí ó tó òyìnbó lò lè máà tó wa. Ooru wa ṣe pàtàkì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ nǹkan kan ni a fi ẹ̀sùn rẹ̀ kàn.

Èyí ni ó mú mi lọ sí ọ̀dọ̀ ọkùnrin tí ó ń jó rédíétọ̀ ní Láfẹ́ńwá. Ó kọ́kọ́ fẹ́ tà mí ní tòkúnbọ̀ alumíníọ́ọ̀mù kan tí ó kúrò lára ọkọ̀ mìíràn. Nígbà tí mo kọ̀, ó fi iná yọ́ òjé tí ó so orí rédíétọ̀ náà mọ́ ara rẹ̀, ó gbé orí rẹ̀ kúrò, ó sì pè mí wá wò ó. Ihò wẹ́wẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí omi ń gbà sọ̀kalẹ̀ tò lọ bí eyín ìlarun, ó sì ju ìdá mẹ́ta wọn lọ tí ó dí. Ó fi irin pẹlẹbẹ gígùn kan ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn títí ìmọ́lẹ̀ fi là á já, ó sì fi òjé jó o padà. Bàbà àti idẹ ni rédíétọ̀ àtijọ́ náà, ìdí nìyẹn tí a fi lè tú u kí a sì tún un jó. Èyí tí wọ́n fi ike ṣe orí rẹ̀ lóde òní, tí ó bá ti bàjẹ́, ó di ti àkìtàn.

Ìdérí rẹ̀ náà ti sọ agbára nù. Sípíríǹgì inú rẹ̀ yẹ kí ó di omi mú títí ipá rẹ̀ yóò fi tó páùn 9 lórí ínṣì kan níbùú lóròó, tí ìyẹn sì ń sún híhó omi láti 100°C dé nǹkan bíi 114°C. Tiwa ti dẹ̀, ó ń tú omi sílẹ̀ kí ó tó ṣe ohunkóhun. A rí òmíràn. A tún rí irin tí ó yẹ kí ó yí fáànù ká bí òṣùká, tí ẹnìkan ti tú sọ sínú gọ̀ọ́tà lẹ́yìn ilé pé ó ń dí òun lọ́wọ́. Láìsí i, fáànù kàn ń da afẹ́fẹ́ kan náà rú ní ojú kan náà, pàápàá nígbà tí ọkọ̀ bá dúró.

Àwọn tí ó mọ ooru jù wá lọ kò yọ nǹkan kúrò, ńṣe ni wọ́n fi kún un. Ní ọdún 1940, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ralph Bagnold dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun Long Range Desert Group sílẹ̀ ní Íjíbítì, àwọn tí wọ́n ń wa ọkọ̀ gba inú aṣálẹ̀ Líbíà kọjá. Omi mímu gan-an ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, ẹni tí yóò máa bu omi sí rédíétọ̀ láàárọ̀ lọ́sàn-án bí tiwa yóò kú sọ́nà ni. Wọ́n fi rọ́bà so ọrùn rédíétọ̀ mọ́ agolo kan tí omi wà dé ìdajì rẹ̀. Nígbà tí omi bá hó, oruku a lọ di omi nínú agolo. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, rédíétọ̀ a fa omi rẹ̀ padà. Ike omi kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíétọ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ òde òní, irú iṣẹ́ yẹn náà ni ó ń ṣe, òun náà sì wà lára ohun tí àwọn kan máa ń tú dànù.

Éérú inú aró

Láti ìgbà tí mo ti rí èyí, ojú mi ti ń ṣàkíyèsí ohun tí a yọ kúrò. Nínú ilé tèmi, oníwáyà kan ti gé ẹsẹ̀ kẹta kúrò lára púlọ́ọ̀gì fíríìjì, ó ní iná ń wọlé láìsí i. Òótọ́ ni, iná ń wọlé. Ẹsẹ̀ yẹn kò wà fún kí iná wọlé, ó wà fún ọjọ́ tí iná bá ṣìnà sára irin fíríìjì náà. Tẹmosítáàtì pẹ̀lú rí bẹ́ẹ̀: ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ tí a bá yọ ọ́. Ohun tí ó bá ń fi ẹ̀ṣọ̀ dá nǹkan dúró, tí kì í ṣe òun ni ó ń tì í síwájú, ni ó máa ń kọ́kọ́ kúrò lọ́wọ́ wa, nítorí pé ọjọ́ tí ó bá kúrò kì í ṣe ọjọ́ tí a máa ń jìyà rẹ̀.

Kò sì mọ sí ọ̀rọ̀ òyìnbó. Aláró ni ìyá ìyá mi ní Ìtòkú, mo sì kéré tó láti rò pé ẹ̀gbin ni omi éérú tí ó ń sẹ́ sínú ìkòkò aró rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní éérú kò wúlò, kí ó po ẹ̀lú láìsí i, kí ó sì wo bí aró náà yóò ṣe mú aṣọ. Agbára inú omi éérú ni ó ń jẹ́ kí ẹ̀lú yọ́ kí ó tó lè wọ òwú. Àwọn tí wọ́n fi sódà rọ́pò éérú lónìí mọ ohun tí wọ́n rọ́pò. Ìyẹn ni ó yàtọ̀ sí tiwa. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ nǹkan lè pààrọ̀ rẹ̀, ó lè dín in kù, ó tilẹ̀ lè yọ ọ́. Wọ́n ń ṣe tẹmosítáàtì tí ó ń ṣí ní 74°C fún ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó tètè ṣí, bẹ́ẹ̀ ni àyè ìjíròrò ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Àwa ni a kò jókòó síbẹ̀.

Mi ò bá ọ̀gá mẹkáníìkì wí, nítorí pé ohun tí ọ̀gá tirẹ̀ kọ́ ọ ni ó ṣe, ọ̀gá tirẹ̀ sì rí tẹmosítáàtì tí ó bàjẹ́ tí ó sì há ní pípadé, èyí tí í ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ lóòótọ́, ní àkókò tí kò sí òmíràn láti rà. Ọgbọ́n ọjọ́ kan ni ó di òfin ogójì ọdún. Ara mi ni mo ń bá wí, èmi tí tẹmómítà wà ní àrọ́wọ́tó mi.

Òkè Ìtòkò

A kò dá tẹmosítáàtì inú agolo padà sẹ́nu iṣẹ́. Bàbá Sójà ní àgbà tí ó ti jẹ́rìí, a kì í tún rán an lọ sógun. Ẹ̀gbọ́n mi tí ó wà ní ìlú ọba fi tuntun ránṣẹ́, 82°C náà ni, pẹ̀lú ọ̀já ìsàlẹ̀ rẹ̀. A fọ búlọ́ọ̀kù títí omi fi ń mọ́ jáde. Omi tí ẹ́ńjìnnì náà ń gbà tó bíi lítà 10. Omi òjò ni mo gbà sínú ọpọ́n ní gbangba, tí kò kan páànù, mo sì po kúláàǹtì mọ́ ọn ní ìdajì-ìdajì. Kúláàǹtì náà wà lára ohun tí wọ́n ní ó jẹ́ ti òtútù, bẹ́ẹ̀ oògùn ìpẹtà wà nínú rẹ̀, ó sì tún ń jẹ́ kí omi pẹ́ kí ó tó hó.

Ní Sátidé tí ó tẹ̀lé e, a gba Láfẹ́ńwá padà ní agogo méjì ọ̀sán, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ yan àkókò yẹn. A dúró ní ìdí afárá fún ogún ìṣẹ́jú ó lé. Abẹ́rẹ́ náà gòkè dé àárín, ó sì jókòó síbẹ̀. Nígbà tí a ń gun òkè Ìtòkò lọ sílé pẹ̀lú àpò láfún mẹ́fà lẹ́yìn, ó sún díẹ̀, mo mí kanlẹ̀, ó tún padà. Ọ̀gá mẹkáníìkì tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kò wo ojú ọ̀nà rárá, géèjì ni ó ń wò.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti kí i. Ó ń yọ tẹmosítáàtì lára ọkọ̀ akérò kan lọ́wọ́, oníbàárà rẹ̀ dúró tì í, ó ń sọ pé kí ó ṣe kíá, èrò ń dúró de òun. Ó rí mi, ó sì rẹ́rìn-ín ìtìjú. Nígbà tí oníbàárà náà lọ, ó mú agolo ńlá kan sọ̀kalẹ̀ láti orí pẹpẹ. Tẹmosítáàtì mọ́kànlá ni ó wà nínú rẹ̀, ó fi bébà wé ọ̀kọ̀ọ̀kan, nọ́ḿbà ọkọ̀ tí ó ti kúrò sì wà lára bébà náà. Ó fi ti ọjọ́ náà kún un, ó dé agolo rẹ̀.

Ó ní, "Àǹtí, tẹmómítà ọjọ́sí yẹn, ẹ lè yá mi bí?"

Ti ilé ìwé ni. Mo ní kí ó dá a padà ní ọjọ́ Ajé.